Bí Ajá Tí Àrá Ń Bà Lẹ́rù Ṣe Fún Wa Ní Ìlú Ìdúrótì

Ẹ̀yin tí a bí sí abẹ́ àpáta yìí, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ọkọ tàbí aya débí, ẹ sún mọ́ra kí ẹ gbọ́ ibi tí ẹ ti ṣẹ̀. Ìtàn náà kò gùn, ṣùgbọ́n ọpẹ́ inú rẹ̀ pọ̀. Bí ìyá ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún mi nídìí ààrò ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín. N kò fi iyọ̀ kún un, n kò sì yọ ata inú rẹ̀.

Ọmọ ọba ni Ọdẹ́jìnmí tí ó tẹ ìlú yìí dó. Ààfin ni wọ́n bí i sí, àmọ́ inú igbó ni ó ti gbọ́n. Òun ni wọ́n ń kì báyìí pé:

Ọdẹ́jìnmí, a-rìn-nígbó-bí-ẹni-ń-rìn-nílé,
Ọmọ ọba tí kò bá ẹ̀gbọ́n du adé,
Ó ní kí adé wà lórí ẹ̀gbọ́n òun,
Kí orí òun náà sì wà lọ́rùn òun.

Nígbà tí baba wọn wàjà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tó rí ejò lórí ẹní. Ọdẹ́jìnmí kò jẹ́ kí ó di ìjà. Ó gbé ọrun àti ọfà rẹ̀, ó pe ajá rẹ̀, ó jáde. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tẹ̀lé e: àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, aya wọn, ọmọ wọn, àti àwọn àgbàlagbà tí wọn kò fẹ́ kú síbi tí ọmọ wọn kò sí. A kì í dárúkọ ìlú tí wọ́n ti kúrò, kí ìjà tí ó ti sùn má baà jí.

Tọpasẹ̀ ni orúkọ ajá náà. Ajá pupa ni, etí rẹ̀ kan sì ya. Ẹkùn ló ya á. Nígbà tí ó ṣì lágbára, ẹkùn kan fò mọ́ Ọdẹ́jìnmí lójú ọ̀nà odò, kí a sì tó ṣẹ́jú, àwọn ọdẹ yòókù ti wà lórí igi. Tọpasẹ̀ nìkan ni kò gun igi. Ó di ẹkùn náà lọ́rùn mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí ọfà ọ̀gá rẹ̀ fi bà á. Gbogbo wọn ló mọ̀ nípa ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í sì í fẹ́ sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ajá kì í wà léwe títí. Ní àkókò tí wọ́n ń rìn kiri yìí, irun ẹnu Tọpasẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀yìn sì ti le bí igi. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù láyé, àrá ni. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, itọ́ á máa kán lẹ́nu rẹ̀, á máa wá ihò tí yóò kó sí, ì báà jẹ́ abẹ́ ìró ìyá arúgbó.

Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé odò ńlá kan. Obìnrin arúgbó kan ń gbé létí odò náà, òun ló ń bọ ọ́, odò sì ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní kí ó sọ ibi tí àwọn yóò fìdí kalẹ̀ sí. Arúgbó bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí omi fi jò tán láàárín ìka rẹ̀. Ó ní:

"Ẹ má ṣe wá ilẹ̀ tó lọ́ràá, ilẹ̀ tó lọ́ràá pọ̀. Ẹ máa lọ. Ibi tí ẹ̀rù bá ti ba ẹni tí ó láyà jù nínú yín, tí ẹ kò sì sá fi í sílẹ̀, ibẹ̀ ni ilé yín."

Ọ̀rọ̀ yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ọdẹ. Olúkúlùkù wọn gbà pé òun ni odò ń bá wí, pé òun ló láyà jù. Ta ni yóò wá jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ẹ̀rù ba òun? Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ọkùnrin kan tí ó tún gbà pé nǹkan kan ba òun lẹ́rù. Paramọ́lẹ̀ gba iwájú Aṣípa Ògúnlànà kọjá, Aṣípa tí í ṣe àgbà nínú àwọn ọdẹ náà. Ó fò sókè tí fìlà rẹ̀ fi bọ́.

Ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, bi í pé, "Bàbá wa, ṣé kò sí?"

"Kò sí. Ijó ló wù mí."

"Ijó kí ni nínú igbó ẹgàn?"

Aṣípa mú fìlà rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n nù, ó sì ń lọ.

Bí wọ́n ṣe ń kọjá ilẹ̀ rere nìyẹn. Wọ́n kọjá ilẹ̀ dúdú tó tutù lẹ́bàá odò, wọ́n kọjá ọ̀dàn tí ẹran kún inú rẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀rù. Èbù iṣu tí àwọn obìnrin rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń bọ̀. Bí wọn kò bá rí ilẹ̀ fi èbù náà sí kí òjò tó fìdí múlẹ̀, àwọn ọmọdé kò ní rí nǹkan jẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tó wà nínú ọkàn gbogbo wọn nìyí nígbà tí wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kọjú sí àpáta wa yìí, tí wọ́n sì sọ ẹrù kalẹ̀ lábẹ́ igi.

Aṣípa tọ Ọdẹ́jìnmí lọ. Ó ní, "Ọmọọba, Ògún ló ni ọ̀nà, Ògún sì ń jẹ ajá. Ọ̀nà wa ti dí. Ẹ jẹ́ ká fún un ní oúnjẹ rẹ̀."

"Ajá wo ni, Aṣípa?"

"Ẹ̀yin náà mọ èyí tí mo ń wí. Òun náà ló ń wọ́sẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn wa yẹn. Ẹ má wò mí báyẹn o. Ajá tí kò lè lé ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́! Bí àrá bá sán, òun ni yóò kọ́kọ́ máa gbọ̀n. Ta ló mọ̀ bóyá òun gan-an ni Ṣàngó ń wá kiri?"

Ọ̀rọ̀ náà ká Ọdẹ́jìnmí mọ́. Bí ó bá kọ̀, wọ́n á ní ó fẹ́ràn ajá ju ọmọ wọn lọ. Bí ó bá gbà, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi mú ẹni tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là fún ọ̀bẹ. Ó wá ní, "Ó di àárọ̀ ọ̀la." Ó so Tọpasẹ̀ mọ́ igi fúnra rẹ̀. Ajá náà lá ọwọ́ rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì gbójú kúrò.

Ọ̀sán náà kò tí ì lọ tí ojú ọ̀run fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìjì gbé eruku. Àrá sán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilẹ̀ sì mì. Tọpasẹ̀ já okùn, ó gba àárín ẹrù kọjá, ó sáré bí ẹni tí kò dàgbà rí, ó kó sábẹ́ àpáta.

Aṣípa pariwo pé, "Ẹran Ògún ń lọ o!"

Ọdẹ́jìnmí sáré tẹ̀lé e. Ó bá a níbi tí ó ti há ara rẹ̀ mọ́ inú pàlàpálá òkúta, tí ó ń fi èékánná wa ilẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ó pè é. Ó jágbe mọ́ ọn. Ó kì í bí wọ́n ṣe ń kì ajá ọdẹ lọ́jọ́ tó bá pa ẹran. Bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sókè ni ajá náà ń gbọ̀n sí i. Ó dì í lọ́rùn mú pé kí ó fà á jáde, ajá tí kò gé ènìyàn jẹ rí sì gé e jẹ.

Lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, Àwẹ̀ró gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gúsí rẹ̀.

Aṣípa ní, "Àwẹ̀ró, níbo lò ń lọ nínú òjò?"

"Ibi tí òjò kò sí ni mò ń lọ."

Nígbà tí ó wọ abẹ́ àpáta, ó wo ọwọ́ Ọdẹ́jìnmí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó wo ajá. Ó ní, "Ọmọọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná. Àrá ń pariwo, ẹ̀yin náà ń pariwo. Èwo ni kó gbọ́?"

Kò kọjú sí ajá náà. Ó fi ẹ̀gbẹ́ sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ó jókòó, ó jẹ́ kí ó gbóòórùn òun. Lẹ́yìn náà ni ó tú ọ̀já tí ó fi pọn gbogbo ọmọ rẹ̀ kúrò ní ìdí. Ó gbà á sábẹ́ àyà ajá, ó gbé e kọjá léjìká, ó yí i sí ikùn, ó so ó sí ẹ̀yìn. Kò so ó le, kò so ó dẹ̀. Ó fi èyí tó kù bo etí méjèèjì.

Ó ní, "Ọmọ tí a bá so ọ̀já dẹ̀ fún, á máa sunkún, á rò pé òun ń já bọ́. Ẹ̀rù pé òun ń já bọ́ ló ń ba ajá yìí náà."

Ó wá fa apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí.

Ọdẹ́jìnmí ní, "Ẹ̀gúsí kẹ̀? Nínú irú òjò yìí?"

"Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí à ń sọ. Ọwọ́ wa ló ń wò. Ẹni tí ikú ń lé bọ̀ kì í jókòó bó ẹ̀gúsí. Ẹ jókòó, kí ẹ bá mi bó o."

Bí ọmọ ọba ṣe jókòó ti ajá nìyẹn, tí ó ń bó ẹ̀gúsí tí kò mọ̀ ọ́n bó, tí ó ń fọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Àrá sán. Tọpasẹ̀ gbọ̀n, ó wo ọwọ́ wọn. Ọwọ́ ń bó. Àrá tún sán. Ó gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò sá mọ́. Nígbà tó pẹ́, ó fà jáde nínú pàlàpálá náà, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé itan ọ̀gá rẹ̀.

Àwọn ìyá tó gbé ọmọ lọ́wọ́ ló kọ́kọ́ wọlé wá, omi ń ro lára wọn. Àwẹ̀ró bu ẹ̀gúsí sí wọn lọ́wọ́. Àwọn àgbàlagbà wọlé. Àwọn ọdẹ ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ wo nǹkan ni. Ó wá ku Aṣípa nìkan lẹ́nu ọ̀nà, ó mú ọ̀bẹ tí ó fẹ́ fi bọ Ògún lọ́wọ́, kò fẹ́ kí wọ́n bá òun láàárín obìnrin. Ìgbà náà ni àrá kan sán bí ẹni pé ọ̀run fàya. Nígbà tí ojú là, ọ̀bẹ wà nílẹ̀, Aṣípa sì wà láàárín àwọn obìnrin, ó di ìyàwó rẹ̀ mú lápá.

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá wa, ṣé ijó náà ni?"

Ẹ̀rín bú. Aṣípa náà gbìyànjú láti bínú, ẹ̀rín sì pa á. Ó ní, "Kì í ṣe ijó. Ẹ̀rù ni. Láti kékeré ni àrá ti ń bà mí lẹ́rù."

Ọdẹ kan ní, "Èmi náà." Òmíràn ní kì í ṣe àrá ni tòun o, òkùnkùn ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń gbé mì láti etí odò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ara sì tù wọ́n bí ẹni tó sọ ẹrù. Ṣùgbọ́n ojú Aṣípa ti kúrò lára wọn. Etí ajá tó ya ni ó ń wò, nítorí ọ̀já ti sún kúrò lórí rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọọba, lọ́jọ́ ẹkùn, àwa wà lórí igi. Ta ló láyà jù nínú wa, bí kì í bá ṣe eléyìí?"

Ẹni tó láyà jù nínú wọn ló ń gbọ̀n nínú ọ̀já yìí, gbogbo wọn ló sì jókòó tì í. Kò sí ẹni tó sá.

Ọdẹ́jìnmí mú ọ̀bẹ nílẹ̀, ó gún un mọ́ ẹsẹ̀ àpáta, ó ní, "Ògún, o rí wa. Ẹni tó di ẹkùn mú nítorí mi, n kò ní dì í mú fún ọ. Iṣu sísun la ní, ẹmu la ó máa dá fún ọ. Bí o bá kọ̀ ọ́, èmi ni kí o mú." Ẹ̀yin mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó lẹ́nu ọdẹ. Wọ́n gbin èbù lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì ń retí ohun tí Ògún yóò ṣe. Irin kò ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Iṣu ta. Nígbà tí wọ́n wa iṣu tuntun, Tọpasẹ̀ ni wọ́n fún ní èkìnní. Ojú oorun ni ó kú sí, abẹ́ àpáta yìí ni wọ́n sin ín sí pẹ̀lú ọ̀já náà lára rẹ̀. Àwẹ̀ró kò béèrè ọ̀já rẹ̀ padà.

Nítorí pé wọ́n dúró tì í ni ìlú yìí ṣe ń jẹ́ Ìdúrótì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kì wá pé:

Ìdúrótì, ọmọ a-rẹ-ajá-lẹ́kún,
Ọmọ a-fi-ọ̀já-ọmọ-pọn-ajá.
Ẹ̀rù bà wá, a ò purọ́;
Ẹ̀rù bà wá, a ò sá.

Títí dòní, a kì í fi ajá bọ Ògún níbí, iṣu àti ẹmu ni. Bí àwọn ará ìlú kejì bá rí wa lọ́jà, wọ́n á ní, "Ẹ kú ọmọ lẹ́yìn o, ṣé kò gbó lánàá?" A máa ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ bá wa dúpẹ́." Bí àrá àkọ́kọ́ ọdún bá sì sán, ẹni tó wà lóko á wọlé, àwọn tó ń jà á dákẹ́, oníkálukú á wá ẹni tí ẹ̀rù ń bà, á jókòó tì í. Ọba fúnra rẹ̀ á bọ́ bàtà, á lọ sí abẹ́ àpáta, á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti ajá tó bá dàgbà jù nílùú.

Lọ́dún yìí, ajá Ìyá Tinúadé ni, èyí tí kò ríran mọ́. Àwọn àlejò pàtàkì wà láàfin lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé mọ́tò ńlá wá. Àrá sán, Kábíyèsí dìde láàárín ọ̀rọ̀, ó lọ. Ó jókòó ti ajá náà títí àrá fi jìnnà, tí òjò dá, tí oòrùn tún yọ. Ajá náà ti sùn lọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹmẹsẹ̀ ààfin kan wá, ó kúnlẹ̀, ó ní àwọn àlejò ń béèrè Kábíyèsí, pé òjò ti dá.

Kábíyèsí kò gbé ẹsẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Lọ sọ fún wọn pé ẹnu iṣẹ́ ni mo wà."