Òwú Abẹ́ Àgídìgbo

Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Bí mo bá kọrin, ẹ gbè é pé "Gbìn-ìn gbin!"

Àlọ́ mi dá lórí Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Àdàbà. Inú igi àràbà kan náà ni wọ́n ń gbé, Ọ̀kẹ́rẹ́ lókè, Àdàbà nísàlẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé àgídìgbo rẹ̀ kalẹ̀, ó ń lù ú:

Ayé dùn lórí igi o!
— Gbìn-ìn gbin!

Àdàbà figbe ta: "Ọ̀kẹ́rẹ́! Ẹyin mi ń yí o! Ṣé kí wọ́n já bọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, ìyá mi."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fi òwú àràbà dí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó tún lù ú. Gbìn-ìn gbin! Ẹyin tún yí. Ó fi òwú dí gbogbo ihò ara ògiri. Gbìn-ìn gbin! Ẹyin kan yí dé etí ìtẹ́!

Omi lé sójú Ọ̀kẹ́rẹ́. "Màá kúkú gbé àgídìgbo yìí jù sódò."

"Ta ló ní kí o jù ú nù, olóríkunkun? Èmi náà fẹ́ràn orin rẹ. Mo fi àyà ti igi, mo sì mọ̀ ọ́n lára: ilẹ̀ yàrá rẹ ni ariwo ń gbà sọ̀kalẹ̀." Àdàbà fa òwú yọ nínú ìtẹ́ ara rẹ̀. "Gbà, tẹ́ ẹ sábẹ́ àgídìgbo."

Ọ̀kẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ, ó lù ú. Ẹyin dúró jẹ́ẹ́.

Nígbà tí ẹyin pa, Ọ̀kẹ́rẹ́ kó òwú tuntun wá, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣeun, ìyá mi. Ẹ ò jẹ́ kí orin mi kú."

"Ìwọ náà ṣeun. Ó yá, lu tàwọn ọmọ fún wọn."

Bí irọ́ ni mo pa, ẹ má gbè é o:

Ayé dùn lórí igi o!
— Gbìn-ìn gbin!