Ẹ́ńjìnnì Tuntun Olóyè Akíntìmẹ́yìn
Ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọkọ̀ ìpẹja tí Orímisàn ń wà lè gbé, irú rẹ̀ ló sì ti ń lò, ṣùgbọ́n Olóyè Akíntìmẹ́yìn tó ni ọkọ̀ náà ra ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin márùndínlọ́gọ́rin, ó sì pàṣẹ lójú gbogbo èbúté pé ẹ́ńjìnnì tuntun náà ni Orímisàn àtàwọn apẹja márùn-ún rẹ̀ yóò gbé wọ òkun láàárọ̀ ọjọ́ náà. “Ẹni tí ẹ̀rù ẹ́ńjìnnì mi bá ń bà, kó bọ́ sílẹ̀, kó má sì wọ ọkọ̀ yìí mọ́ láé!” Orímisàn ò janpata. Ó ní, “Ó ti tán, bàbá. Àmọ́ ẹ mọ àṣà wa: ẹ́ńjìnnì tuntun kì í fojú kan òkun kí olówó rẹ̀ tó jókòó tì í, kó di ọ̀pá ìtọ́kọ̀ mú, kó sì súre fún un.” Olóyè, tí ara rẹ̀ tó ti ènìyàn méjì, rẹ́rìn-ín músẹ́. Orímisàn de ẹ́ńjìnnì náà mọ́ ìdí ọkọ̀, ó so ọkọ̀ mọ́ òpó níbi tí omi ò ti kọjá orúnkún, ó sì ní kí olóyè máa bọ̀ ní ìdí ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ó ti jókòó báyìí, imú ọkọ̀ gbéra sókè, omi sì gba ẹ̀yìn ya wọlé. “Orímisàn, ọkọ̀ ń rì!” “A ò tíì ṣíná, bàbá. Ṣé kí n ṣí i?” “Ṣí kí ni?” Olóyè ti fò sínú omi, ó ti di òpó mú. Orímisàn ń gbọ́n omi ọkọ̀ ní tirẹ̀. “Bàbá, ẹ ti bọ́ sílẹ̀ o.” Olóyè fún etí aṣọ rẹ̀, ó wo àwọn èrò èbúté, ó sì ní kí wọ́n lọ gbé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ wá.