Òkú tí Fàdérera Wẹ̀

Ọwọ́ tí ń gbọ̀n kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́: bẹ́ẹ̀ ni a wí fún Fàdérera, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, nígbà tí ó ń sunkún ìwé-àṣẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti kùnà nínú ìdánwò rẹ̀. Bí ó bá tún kùnà, wọn yóò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ìdánwò orí ìwé kò ṣòro fún un. Ìdánwò ọwọ́ ni ó ń bà á lẹ́rù. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú bébà kan tí a ti ká, iṣẹ́ tí ó bá bá nínú rẹ̀ ni yóò ṣe lójú olùdánwò. Bí Fàdérera bá ti na ọwọ́ sí bébà, àyà rẹ̀ a já pé ìtọ́jú òkú ni yóò mú, gbogbo ara rẹ̀ a sì máa gbọ̀n.

Òun àti Ìbíwùmí, ẹni tí wọ́n jọ kùnà, tọ Ìyá Efúnṣeyè lọ, obìnrin tí ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún wádìí. Ó da owó ẹyọ sílẹ̀. Ẹbọ ni ó kà fún wọn:

“Kànìnkànìn tuntun, ọṣẹ, aṣọ funfun. Ẹ fi ọwọ́ ara yín wẹ òkú tí kò ní ará.”

“Ìyá, ẹ jẹ́ kí a kúkú ra ewúrẹ́,” ni Ìbíwùmí wí.

“Ewúrẹ́ kò bẹ̀rù òkú, ọmọ mi. Ìwọ ni ò ń bẹ̀rù.”

Lójú ọ̀nà, Ìbíwùmí rẹ́rìn-ín. “Abẹ́rẹ́ gígún ni èmi yóò mú. Ìwọ máa lọ, ìyàwó òkú.”

Fàdérera bẹ sísítà, olórí nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù, pé kí ó jẹ́ kí òun wẹ òkú tí kò ní ará. Ìyá arúgbó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kò sí ẹni tí ó wá wò ó. Nígbà tí Fàdérera yí òkú náà sí ẹ̀gbẹ́, afẹ́fẹ́ tí ó kù nínú rẹ̀ tú jáde bí ìmí ẹ̀dùn. Ẹsẹ̀ Fàdérera yí sí ẹnu ọ̀nà. Ó dúró.

“Ẹ má bínú, Màámi,” ni ó wí, ó sì ń wẹ̀ wọ́n lọ títí ó fi parí.

Ní ọjọ́ ìdánwò, egbò dídì ni Fàdérera mú. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ gígún ni Ìbíwùmí mú lóòótọ́, inú rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n bí ó ti gún aláìsàn ọkùnrin kan lábẹ́rẹ́, ọkùnrin náà dákú, ojú rẹ̀ yí sókè. Ìbíwùmí rò pé ó ti kú. Ó ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó sá jáde.

Ẹni tí ó rúbọ gba ìwé-àṣẹ. Ẹni tí ó kẹ́gàn ẹbọ jókòó sí ìdí géètì, ó ń kábàámọ̀. Ọkùnrin náà sì ti jí, ó ń béèrè omi.