Àwẹ̀ró àti Èbù Iṣu Inú Abà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ra, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Àlọ́ mi dá wàrà, ó dá wùrù, ó dá lórí Àwẹ̀ró, obìnrin tí kì í jókòó.

Ní abúlé kan létí igbó, Àwẹ̀ró ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ohun tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ kò ju oko kan, ewúrẹ́ kan, àgbébọ̀ adìẹ kan, àti èbù iṣu tó kún abà kékeré lẹ́yìnkùlé. Èbù náà ni wọn yóò gbìn bí òjò bá dé. Bí kò bá sí i, kò sí iṣu; bí kò bá sí iṣu, ebi ni. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ṣí òrùlé abà náà. Ojoojúmọ́ ni Àwẹ̀ró ń wò ó, tí ó ń wí pé, "N ó tún un ṣe lọ́la."

Ní ọjọ́ kìíní, Àwẹ̀ró ń yan gaàrí. Ó ń rò ó, ṣá, ṣá, ṣá. Ni ewúrẹ́ bá ké: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀! Àwẹ̀ró, ebi ń pa mí!" Ó fi gaàrí sílẹ̀, ó sáré lọ já ewé. Ewé kò tíì kún ọwọ́ tí àgbébọ̀ fi ké: "Kẹ́kẹ́ẹ̀kẹ́! Àwẹ̀ró, ìtẹ́ mi ti wó!" Ó ju ewé sílẹ̀, ó sáré lọ sídìí ìtẹ́. Kò tíì tún un ṣe tán tí Ìyá Ọ̀jẹ́wálé, àgbàlagbà obìnrin ilé kejì, fi pè é: "Àwẹ̀ró! Wá bá mi bó ẹ̀gúsí!"

"Mò ń bọ̀, ìyá mi!"

Ó ń sáré, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ewúrẹ́ ń ké lójúde o,
*Wéré, n ó dé, wéré.*
Àgbébọ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé,
*Wéré, n ó dé, wéré.*
Ìyá ń pè mí nílé kejì,
*Wéré, n ó dé, wéré.*
Ọwọ́ méjì péré ni mo ní,
*Wéré, n ó dé, wéré.*

Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, gaàrí ti jóná, ewúrẹ́ kò yó, ìtẹ́ kò dúró, ẹ̀gúsí kò tán.

Ní ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ní ọjọ́ kẹta, ó ń ti odò bọ̀ nígbà tí wọ́n tún pè é. Bó ṣe ní kí òun sáré, ìkòkò omi já bọ́ lórí rẹ̀, gbàà! Ó fọ́ yángá-yángá. Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ni Ìgbín bá ń wọ́ bọ̀ nínú koríko, fàà, fàà, fàà.

"Àwẹ̀ró, kí ló dé?"

"Iṣẹ́ ni. Gbogbo rẹ̀ ló ń pè mí, n kò mọ èyí tí n ó dá lóhùn."

"Èmi ò lè sáré," ni Ìgbín wí. "Ohun kan ṣoṣo ni mo lè ṣe lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, mo máa ń bi ara mi pé: èwo ni mo lè pàdánù lónìí tí n kò ní rí mọ́ láé?"

Àwẹ̀ró nu ojú. Ó wá wo Ìgbín dáadáa. "Kí lo tilẹ̀ ń wá níta lọ́sàn-án gangan?"

"Ara mi ti gbọ́ òjò. Kò ní pẹ́ dé."

Àwẹ̀ró ń rò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ewúrẹ́? Ebi ọ̀sán kan kò ní pa á. Àgbébọ̀? Ó lè sùn sílé ìdáná. Ẹ̀gúsí? Ẹ̀gúsí kì í jẹrà lóòjọ́. Èbù ńkọ́?

Ó kígbe: "Èbù àwọn ọmọ mi!"

Ó dìde fùú. Ó kó koríko bẹẹrẹ, ó gun òrùlé abà. Ewúrẹ́ ké. "Mo gbọ́, ṣe sùúrù." Àgbébọ̀ ké. "Mo gbọ́, ṣe sùúrù." Ìyá Ọ̀jẹ́wálé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, inú ń bí i.

"Àwẹ̀ró! Mo pè ọ́ títí. Ṣé o ti dàgbà jù mí lọ ni?"

Àwẹ̀ró kò kọ̀ fún àgbà rí. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀ lórí òrùlé. "Ẹ má bínú, ìyá mi. Òjò fẹ́ pa èbù àwọn ọmọ mi. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, n ó wá bó ẹ̀gúsí yín."

Ìyá gbójú sókè. Ìkùukùu dúdú ti ń gun ara wọn. Ó di ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó ń na bẹẹrẹ sí i: ìdì kan, ìdì kejì, ìdì kẹta. Orin Àwẹ̀ró wá yí padà:

Ewúrẹ́, mo gbọ́ tìrẹ o,
*Ọ̀kan, ọ̀kan ni.*
Àgbébọ̀, mo gbọ́ tìrẹ o,
*Ọ̀kan, ọ̀kan ni.*
Èbù ni n ó kọ́kọ́ bò,
*Ọ̀kan, ọ̀kan ni.*

Bí wọ́n ti di ìdì tó kẹ́yìn, ààrá sán, gbàáà! Òjò dé, wàà, wàà, wàà! Ewúrẹ́ tutù, ó ń sín. Àgbébọ̀ ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Àwẹ̀ró wọ inú abà, ó fọwọ́ kan èbù. Ó gbẹ táútáú. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó já ewé fún ewúrẹ́, ó tún ìtẹ́ ṣe, ó sì bó ẹ̀gúsí Ìyá Ọ̀jẹ́wálé tán. Iṣu tí wọ́n wà lọ́dún náà tóbi bí itan àgbàlagbà.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé nìyí, ibẹ̀ ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe máa sáré tẹ̀lé èyí tó ń pariwo jù. Ẹ jókòó díẹ̀, kí ẹ wá èyí tí yóò bọ́ tí ẹ kò ní rí mọ́. Ewúrẹ́ lẹ́nu, yóò ké. Èbù kò lẹ́nu tí yóò fi pè wá.