Jagun Ògúnṣakin àti Kòtò Mẹ́ta Ìwàyè

Mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì búra, àwọn tó ti gbé mi rin ìlú tí n kò lè kà tán: ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí wọ́n má gbé mi kúrò níbi tí mo jókòó sí. Lọ́dún náà, ikú wọ Ìwàyè. Ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọdé, òkú ẹja ń léfòó lójú odò Àrọ́ta tí gbogbo ìlú ń mu, àwọn àgbà sì ti fẹnu kò pé ará Àgbọnrán, aládùúgbò wọn tó wà lókè odò, ló da májèlé sí i. Ogun yá.

Jagun wọn ni Ògúnṣakin Àlàó, ọkùnrin gìdìgbà bí ìdí ìrókò, ẹni tó jẹ́ pé bí ọ̀tá bá gbóhùn rẹ̀, wọn a ju apó sílẹ̀. Ó ti sin ọmọ méjì láàrin oṣù kan. Síbẹ̀ kò mú idà. Ó ní ẹni tí yóò pa èèyàn nítorí omi, ó yẹ kó mọ ibi tí omi náà ti ń wá. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Ẹnìkan ní, "Jagun ti di apọnmi. Ẹ bá a wá òṣùká."

Lẹ́yìn ilé, odò mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní odò Aláró, tó ń ṣàn wọ igbó kan tí ẹnikẹ́ni kì í là kọjá. Ibẹ̀ ni ìyá Jagun, Àwẹ̀ró, olórí àwọn aláró, ń da omi aró nù sí. Ibẹ̀ náà ni gbogbo ilé ń da omi ìdọ̀tí sí. Odò méjì ni ìlú mọ̀ ọ́n sí, torí orúkọ méjì ni wọ́n sọ ọ́. Ògúnṣakin gbé igbá aró ìyá rẹ̀ lé odò Aláró, ó sì tẹ̀ lé e wọ igbó, ẹ̀gún ń ya á lára. Ibi tí igbá dúdú náà gúnlẹ̀ sí ni etí Àrọ́ta, lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ ogun tó pé jọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ igbá Àwẹ̀ró.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá arúgbó náà. Ó wo igbá rẹ̀ títí.

"Aró yìí ni mo fi tọ́ ọ, Àlàó. Ṣé èmi ni mo wá pa àwọn ọmọ ọmọ mi?"

"Ìyá mi, gbogbo wa la dà á. Ẹ ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Láti òní lọ, a ti mọ̀."

Mo ti rí ogun. N kò rí èyí tó le tó ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọmọ.

Ogun tú ká. Jagun gbé ọkọ́ dípò idà. Ó gbẹ́ kòtò mẹ́ta tí omi ìdọ̀tí yóò gbà kọjá kó tó wọ odò: ti kìíní kí ẹrẹ̀ lè rọlẹ̀ níbẹ̀, ti kejì tó kún fún òkúta, iyanrìn àti èédú, ti kẹta tí ojú oró bò, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń fa ìdọ̀tí tó kù. Èédú ààrò aró ni, Àwẹ̀ró ló fi orí ara rẹ̀ rù ú wá. Nígbà tí omi kòtò kẹta mọ́, Jagun bu ú mu lójú gbogbo ìlú, ìyá rẹ̀ sì gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu ìyókù. Kó tó di ọdún kejì, ẹja padà, ọmọdé yéé kú.

Àmọ́ ẹrẹ̀ kì í sinmi, èèyàn ló ń sinmi. Ògúnṣakin wà lórí ẹní ikú nígbà tó gbọ́ pé kòtò kìíní ti kún, tí oníkálukú ń wo ojú ẹnìkejì. Ó sọ gbólóhùn méjì, ó sì kú. Ọjọ́ mẹ́ta ni òkú akọni fi dúró dè wọ́n.

Láti ìgbà náà, wọn kì í sin òkú kankan ní Ìwàyè kí wọ́n tó kó ẹrẹ̀ kòtò náà, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe àlejò. Ẹnìkejì mi lójú ọ̀nà kú síbẹ̀. Ọkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ohun tí Jagun wí ni wọ́n wí fún mi:

"Ẹ má tíì sin mí. Ẹ kọ́kọ́ kó ẹrẹ̀ kòtò kìíní."