Lẹ́tà Oníjó Lẹ́nu Afárá

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ pátákó ìpolówó. Ọwọ́ lásán ló fi ń ya lẹ́tà, kì í lo rúlà. Á fún O níkùn bí ẹni tó yó, á tẹ ẹsẹ̀ K bí ẹni tó ń jó, á sì dé abetí ajá fún I.

Àwọn tó ń ta áísíkiriìmù ló kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ilé ìwé jẹ́léósinmi tẹ̀lé wọn, lẹ́yìn náà oníbúrẹ́dì. Nígbà tó yá, kò sí ibi ìgbádùn kan nílùú tí lẹ́tà oníjó yìí kò sí.

Ó ṣe, igi afárá ọ̀nà oko jẹrà. Baálẹ̀ ní kí ó kọ ìkìlọ̀ sẹ́nu afárá náà. Ó kọ ọ́ pé: AFÁRÁ YÌÍ TI JẸRÀ. Ẹ MÁ GBÀ Á. Ṣùgbọ́n lẹ́tà oníjó yẹn náà ló fi kọ ọ́, torí òun ni wọ́n fi ń yìn ín.

Ìyàwó rẹ̀ wo pátákó náà kó tó gbé e jáde.

“Bàbá Iyìọlá, ewu lẹ kọ yìí àbí ìkómọ?”

“Ka ohun tó wà níbẹ̀.”

“Mo ti kà á. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí.”

“Ṣebí o ti kà á? Ó parí.”

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkùnrin náà ń lọ sóko. Ó dé ẹnu afárá, ó rí pátákó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé igi. Igi dá. Àwọn àgbẹ̀ ló fà á jáde nínú odò. Itan rẹ̀ ti kán.

Ọmọ rẹ̀ sáré bá a nílé ẹni tó ń to eegun.

“Ìyá mi, ṣé ẹ ò rí pátákó ni?”

“Mo rí i. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ ọmọ mi. Ibi gbogbo tí lẹ́tà ẹ yìí bá wà, nǹkan ayọ̀ ló máa ń wà níbẹ̀. Mo ní wọ́n ti tún afárá ṣe nìyẹn.” Ìyá náà mí kanlẹ̀. “Àbí kí lo kọ síbẹ̀?”



Ìwọ náà, o sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé ọtí á pa á. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ bí o ti ń sọ ọ́, ife tìrẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ. O wá ń sọ fún gbogbo ayé pé o ti kìlọ̀ fún un. Òótọ́ ni, o sọ̀rọ̀ ìkìlọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ ni ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́. Padà lọ bá a lónìí, gbé ife sílẹ̀, fajú ro, kí o sì tún un sọ.