Àbàjà Lára Mọ́tò Olóyè

Olóyè Ọ̀jẹ́wùmí, tó bu àbàjà mẹ́ta, ra mọ́tò tó ní yàrá nínú, ni ẹ̀ka igi bá ha mọ́tò náà lára, ó fa ìlà mẹ́ta sí i. Ó gbé e lọ fún Súbúọlá, obìnrin tó ń kun mọ́tò ní Ṣakí, ó kìlọ̀ fún un pé bí òun bá padà dé tí òun rí ìlà kan ṣoṣo, àtìmọ́lé ni. Súbúọlá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ìlà mẹ́ta tín-ín-rín kọ̀ jálẹ̀, ló bá fi aṣọ nù ún títí ó fi ń dán bíi dígí. Olóyè dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn. "Ìlà mẹ́ta rèé! Ẹ bá mi pe ọlọ́pàá!" Súbúọlá kúnlẹ̀: "Ẹ dákun, Bàbá, àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín lẹ rí yẹn. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ tún wò ó." Olóyè sún sẹ́yìn, kò rí nǹkan kan mọ́. Ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní, "Ó mà dán o!" Bí mọ́tò àti ẹni tó ni ín ṣe jọ bu àbàjà délé nìyẹn.